Bí ẹ ṣe lè dá ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù dúró lábẹ́ salary cap NBA láì ba ìwé owó ẹgbẹ́ jẹ́

Tí oṣù kẹfà bá ti ń lọ sópin, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń bẹ́ sílẹ̀ létí pápá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Rowe Park, Yaba, àti níwájú Indoor Sports Hall ní Surulere: "Kí ló dé tí wọn ò kàn fún ọmọ yẹn lówó ẹ̀?" Fífún un kì í ṣòro. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni mímọ ọjọ́ tó yẹ kó tọwọ́ bọ̀wé, àti ẹni tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀.

Ẹni tó ń ṣe GM (ọ̀gá tó ń mú agbábọ́ọ̀lù wá, tó sì ń tọ́jú ìwé owó) nínú líìgì àwọn ọ̀rẹ́ lórí WhatsApp àti Google Sheets la kọ èyí fún, àti ẹni tó ń fi eré fídíò NBA 2K tọ́ ẹgbẹ́ tirẹ̀, àti ẹni tó kàn fẹ́ mọ ohun tí Oklahoma City tàbí Cleveland ń ṣe tó fi dà bíi pé wọ́n ń ṣahun. Owó sáà 2025-26 la fi ṣe ìṣirò, lábẹ́ àdéhùn tó wà láàárín líìgì àti àwọn agbábọ́ọ̀lù láti 2023. Tí sáà bá yí, ẹ pààrọ̀ iye owó, ẹ fi ọ̀nà ìṣirò sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ìlà mẹ́rin tó ń lọ sókè ìwé

Ẹ kọ iye mẹ́rin yìí sórí Sheets yín kí ẹ tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Salary cap (òdiwọ̀n àpapọ̀ owó agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kan fún sáà kan): $154,647,000. Luxury tax (ibi tí ẹgbẹ́ tó bá kọjá rẹ̀ ti ń san owó orí fún líìgì): $187,895,000. First apron (ìlà àkọ́kọ́ tí òfin ti ń le sí i): $195,945,000. Second apron (ìlà kejì, tó le jù): $207,824,000.

Cap fúnra rẹ̀ rọ̀. Ẹgbẹ́ lè kọjá rẹ̀, pàápàá láti fi dá agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀ dúró. Luxury tax ń jẹ owó ẹni tó ni ẹgbẹ́, kì í di ẹgbẹ́ lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó kẹ́yìn regular season (àwọn eré sáà kó tó di playoffs) ni wọ́n sì ń ka a, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ẹgbẹ́ tó ń wá ẹni tí yóò gba agbábọ́ọ̀lù kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kejì. Àwọn apron ló ń fi okùn dè ènìyàn. Ẹni tó bá kọjá èyí àkọ́kọ́ kò lè gba owó tó ju èyí tó fi sílẹ̀ lọ nínú pààrọ̀. Ẹni tó bá kọjá èkejì kò lè da owó agbábọ́ọ̀lù méjì pọ̀ láti fi gba ẹyọ kan, kò lè fi owó kún pààrọ̀, kò ní mid-level exception (àyè tí òfin fi sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ tó kọjá cap láti fi mú ẹlòmíràn wá) kankan, first-round pick rẹ̀ (ẹ̀tọ́ láti mú ọ̀dọ́ tuntun ní ìpele àkọ́kọ́ draft) ti ọdún méje síwájú á sì dì, kò ní lè fi í ṣe pààrọ̀. Tó bá tún wà lókè níbẹ̀ ní sáà méjì nínú mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, pick náà á bọ́ sí ìparí first round, bó ti wù kí ẹgbẹ́ náà burú tó lọ́dún yẹn.

Ẹ̀tọ́ tí ẹ ní lórí ọmọ náà

Agbábọ́ọ̀lù tó bá ti lo sáà mẹ́ta láì fi free agency (òmìnira láti yan ẹgbẹ́ nígbà tí àdéhùn bá parí) pààrọ̀ ẹgbẹ́ ti fún yín ní Bird rights kíkún, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti kọjá cap kí ẹ lè dá a dúró. Bí wọ́n tilẹ̀ fi í ṣe pààrọ̀, ẹ̀tọ́ náà ń tẹ̀ lé e lọ ni. Pẹ̀lú rẹ̀, ẹ lè fún un títí dé max (iye tó pọ̀ jù tí òfin gbà fún ẹnì kan) bí ẹ bá tilẹ̀ ti kọjá cap, kí owó náà sì máa fi 8% ti ọdún àkọ́kọ́ gòkè lọ́dọọdún. Sáà méjì péré, Early Bird ni: 175% owó tó gbà kẹ́yìn, tàbí 105% owó tí agbábọ́ọ̀lù ń gbà ní ìpíndọ́gba nínú líìgì, èyí tó bá pọ̀ jù. Ìyàtọ̀ sáà kan yìí ló gba Isaiah Hartenstein lọ́wọ́ New York Knicks ní 2024. Gbogbo ohun tí Knicks lágbára láti fún un kò ju bíi $72.5 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́rin. Oklahoma City fún un ní $87 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́ta. Knicks fẹ́ ẹ, wọ́n sì lówó. Òfin ni kò gbà fún wọn.

Fún ọmọ tí ẹ mú ní first round, ọdún mẹ́rin ni rookie contract rẹ̀ (àdéhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú líìgì), ọdún kẹta àti ìkẹrin sì jẹ́ option (ọdún tí ẹgbẹ́ lè gbà tàbí kó kọ̀) tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ mú ní ọdún kan ṣáájú, kó tó di òpin ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá. Ẹ má fi èyí ṣeré. Tí ẹ kò bá mú option náà, tí ọmọ yẹn wá tàn lẹ́yìn náà, ẹ̀yin nìkan ni òfin dè: ní ọdún àkọ́kọ́ àdéhùn tuntun, ẹ kò lè fún un ju iye option tí ẹ kọ̀ náà lọ, ẹgbẹ́ mìíràn sì lè fún un ní ohun tó bá wù wọ́n.

Ẹ fún un nísinsìnyí, àbí ẹ dúró?

Lẹ́yìn sáà kẹta, láti oṣù keje títí di ọjọ́ tó ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ sáà ní oṣù kẹwàá, ẹ lè fún ọmọ náà ní extension (àfikún àdéhùn) tó lè gùn tó ọdún márùn-ún, tí yóò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọdún kẹrin bá parí. Tí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò di restricted free agent (ẹni tí ẹgbẹ́ mìíràn lè fún lówó, ṣùgbọ́n tí ẹ lè dá dúró tí ẹ bá gba iye kan náà) ní òpin ọdún kẹrin, bí ẹ bá ṣáà fún un ní qualifying offer (àdéhùn ọdún kan tó ń pa ẹ̀tọ́ yìí mọ́ fún yín) kó tó kọjá ọjọ́ 29 oṣù kẹfà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹgbẹ́ tó dúró ń fi ọmọ náà wọ́lẹ̀ ni. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìdúró ní èrè tirẹ̀, inú cap hold lèrè náà sì wà.

Nígbà tí àdéhùn ọmọ náà bá parí, orúkọ rẹ̀ kì í kúrò nínú ìwé yín. Líìgì á fi iye kan dípò rẹ̀ títí tí yóò fi tọwọ́ bọ̀wé tuntun tàbí tí ẹ bá yọwọ́ lórí rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó fi báàgì gba ìjókòó sílẹ̀ nínú danfo: báàgì kékeré ni, ṣùgbọ́n àyè ẹni tó sanra ló ń ṣọ́. Fún ọmọ first round tó parí ọdún kẹrin, hold yìí jẹ́ 300% owó tó gbà kẹ́yìn tí owó náà bá kéré sí ìpíndọ́gba líìgì, 250% tó bá jù ú lọ. Owó rookie kéré, nítorí náà ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ pàápàá sábà máa ń jìnnà sí max.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà ṣe é. Ẹgbẹ́ kan ní agbábọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án, àpapọ̀ owó wọn $105,000,000. Ọmọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ parí rookie contract, $6,000,000 ló gbà ní sáà tó kọjá, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé max ló máa gbà: 25% cap, ìyẹn $38,661,750.

Ká sọ pé ọmọ náà ló kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé, tàbí pé ẹ ti fún un ní extension lọ́dún tó kọjá. Owó ti di $143,661,750. Orúkọ mẹ́wàá ló wà lórí ìwé. Tí orúkọ kò bá sì pé méjìlá, líìgì máa ń ka $1,272,870 fún àyè òfìfo kọ̀ọ̀kan. Méjì ṣófo, ó di $146,207,490. Ẹni tí ẹ fẹ́ mú wá láti ìta á gba ọ̀kan nínú àyè òfìfo náà, nítorí náà ohun tó pọ̀ jù tí ẹ lè fún un ni $9,712,380. Èyí kò tiẹ̀ tó mid-level tí ẹgbẹ́ tó wà lókè cap ní, ìyẹn $14,104,000. Ó sàn kí ẹ jókòó sókè cap kí ẹ lo mid-level yẹn. Àlejò olówó mẹ́rìnlá mílíọ̀nù lẹ rí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá yí i padà. Ọmọ náà kò tíì tọwọ́ bọ ìwé kankan, hold rẹ̀ jẹ́ $18,000,000. Pẹ̀lú àwọn mẹ́sàn-án àti àyè òfìfo méjì, àpapọ̀ jẹ́ $125,545,740. Ẹ lè fún àlejò ní $30,374,130. Nígbà tí àlejò bá ti tọwọ́ bọ̀wé tán, ẹ lo Bird rights, ẹ fún ọmọ yín ní $38,661,750 rẹ̀ pé pérépéré. Ẹ ṣì ní room exception (àyè tí òfin fi sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ tó ti lo àyè cap rẹ̀ tán), $8,781,000, tí ẹ lè fi mú ẹnì kan sí i. Ẹ fi àwọn olówó minimum (owó tó kéré jù tí òfin gbà) méjì, $2,296,274 ọ̀kọ̀ọ̀kan, kún un. Orúkọ ti pé mẹ́rìnlá, àpapọ̀ owó jẹ́ $187,409,428. Ó ku $485,572 kí ẹ tó kan luxury tax. Ọmọ náà kò pàdánù kọ́bọ̀.

Philadelphia ṣe èyí gan-an ní 2024. Wọn kò fún Tyrese Maxey ní extension ní 2023, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ sì bínú. $4,343,920 ló gbà ní sáà 2023-24, nítorí náà hold rẹ̀ kò ju $13,031,760 lọ, nígbà tí max ọdún yẹn jẹ́ $35,147,000. Wọ́n fi bíi mílíọ̀nù méjìlélógún tó wà láàárín méjèèjì kún àyè tí wọ́n ní, wọ́n mú Paul George wá pẹ̀lú $212 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́rin, kí Maxey tó tọwọ́ bọ ìwé ọdún márùn-ún tó tó $203.85 mílíọ̀nù. Pé ara George kò yá, tó jẹ́ eré 41 péré ló gbá ní sáà tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ìṣirò náà kò lábùkù.

Ibi tí ìdúró ti ń gbẹ̀yìn yọ

Ẹ má dúró tí ẹ kò bá ní àyè lábẹ́ cap tí ẹ fẹ́ lò. Ẹgbẹ́ tó ti wà lókè cap pẹ̀lú hold tàbí láìsí hold kò rí nǹkan kan jẹ nínú ìdúró. Ewu nìkan ló rà.

Àwọn ewu náà nìyí. Tí ẹgbẹ́ mìíràn bá fún ọmọ náà ní offer sheet (ìwé àdéhùn láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn) tó sì tọwọ́ bọ̀ ọ́ kí ẹ tó lo àyè yín, àkókò díẹ̀ lẹ ní láti pinnu; bí ẹ bá ti gba iye kan náà láti dá a dúró, iye ọdún àkọ́kọ́ tó wà nínú offer sheet náà ló máa rọ́pò hold rẹ̀, ètò yín á sì wó. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ bá ọmọ náà àti aṣojú rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó di oṣù kẹfà, kí ó mọ̀ pé max rẹ̀ wà nílẹ̀, kó má lọ tọwọ́ bọ nǹkan kan níta. Èkejì, ẹni tó kọ offer sheet ló ń yan bí àdéhùn náà ṣe máa rí. Phoenix gba ti Indiana lórí Deandre Ayton ní 2022, $133 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́rin, wọ́n sì dá a dúró. Ṣùgbọ́n odidi ọdún kan ni wọn kò fi lè fi í ṣe pààrọ̀ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ gbà.

Ẹ̀kẹta ni kí ọmọ náà kàn mú qualifying offer, kó gbá ọdún kan, kó sì di ẹni tí kò sí okùn lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Cam Thomas ti Brooklyn ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2025, fún bíi $6 mílíọ̀nù. Ní ọdún yẹn, ẹ kò lè fi í ṣe pààrọ̀ láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé àlàfo tó wà láàárín ohun tí ẹ ń sọ àti ohun tí aṣojú ń bèèrè ju ìlọ́po méjì lọ ní oṣù keje, ẹ máa rò ó pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ń lọ.

Ohun tí ọmọ náà tó

Max fún ẹni tí kò tíì pé sáà méje nínú líìgì jẹ́ 25% cap. Ó lè di 30% tó bá wọ All-NBA (ẹgbẹ́ àwọn tó dára jù ní sáà kan) tàbí tó jẹ́ Defensive Player of the Year (ẹni tó dáàbò bo jù) ní sáà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tàbí ní méjì nínú mẹ́ta tó kẹ́yìn, tàbí tó gba MVP (oyè agbábọ́ọ̀lù tó dára jù) nínú ọ̀kankan nínú mẹ́ta náà. Derrick Rose ni wọ́n fi sọ òfin yìí lórúkọ. Láti 2023-24, ẹni tí kò bá gbá eré 65 kò lè gba oyè wọ̀nyí, nítorí náà ẹ máa ka eré tí ọmọ yín pa jẹ: ọgbẹ́ kékeré ní oṣù kìíní lè yí ìwé owó yín padà.

Àwọn kan á fún ọmọ náà ní 30% nínú extension "tó bá yẹ", wọ́n á sì gbàgbé láti kọ ọ́ sínú Sheets. Evan Mobley tọwọ́ bọ̀wé ní Cleveland ní 2024 lórí 25%. Ó gba Defensive Player of the Year ní 2025. $224.2 mílíọ̀nù di $269.1 mílíọ̀nù ní alẹ́ ọjọ́ kan, Cleveland sì wọ sáà náà lókè second apron. Jalen Williams ti Oklahoma City ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nínú tirẹ̀, tó lè gbé e dé $287 mílíọ̀nù. Ẹ máa fi òpó méjì sínú Sheets fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀kan fún 25%, ọ̀kan fún 30%, kí ẹ sì fi èyí tó tóbi ṣètò. Ẹ tún lè dúnàádúrà lórí àkàbà: iye kan fún All-NBA ẹgbẹ́ kẹta, òmíràn fún ẹgbẹ́ kìíní. Aṣojú sábà máa ń gbà á tí ẹ bá fi player option (ọdún tí agbábọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ lè gbà tàbí kó kọ̀) sí ọdún tó kẹ́yìn.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ dáadáa ló ń gba max. Giannis, ọmọ Adétòkunbọ̀ tí àwọn òbí rẹ̀ ṣí kúrò ní Èkó lọ sí Gíríìsì ní 1991, gba $100 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́rin ní 2016, èyí tó dín sí max, inú ọdún mẹ́rin yẹn ni Milwaukee sì ti gba ife ní 2021. Èrò tiwa ni pé ẹni tí ẹ kò bá dá lójú pé yóò wà lára ọgbọ̀n tó dára jù, ẹ má fi ẹ̀rù fún un ní max. Agbábọ́ọ̀lù olówó max tí kò gbá bíi max ló ṣòro jù láti fi ṣe pààrọ̀ lábẹ́ òfin apron.

Bí owó ṣe tò nínú àdéhùn náà tún ṣe pàtàkì. Ẹ lè jẹ́ kó máa sọ̀ kalẹ̀ dípò kó máa gòkè. Memphis ṣe é fún Jaren Jackson Jr.: $28.9 mílíọ̀nù ní ọdún àkọ́kọ́, $23.4 mílíọ̀nù ní ọdún kẹrin. Ẹ lo irú èyí tí ẹ bá mọ̀ pé ọmọ mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn tí yóò gba owó ńlá ní ọdún kẹta. Iye kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ tó wúwo lẹ gbé síwájú, nígbà tí ìwé yín ṣì fúyẹ́.

Àwọn ọmọ second round

Ibí ni àwọn GM líìgì ọ̀rẹ́ ti ń sábà kùnà. Ọmọ second round tó gbá ọdún mẹ́rin parí á di unrestricted, ìyẹn ẹni tó lè lọ síbi tó bá wù ú. Kò sí qualifying offer tó lè dá a dúró. Jalen Brunson, ẹni 33 nínú draft 2018, parí ọdún mẹ́rin ní Dallas, ó sì rìn lọ sí New York ní 2022 pẹ̀lú $104 mílíọ̀nù. Dallas kò rí nǹkan kan gbà padà.

Àtúnṣe rẹ̀ lè dà bí ohun tó lòdì sí ọgbọ́n: ẹ fún un ní ọdún mẹ́rin, kí ìkẹrin jẹ́ option ẹgbẹ́, kí ẹ má sì mú option náà lẹ́yìn ọdún kẹta tí ọmọ bá ti dára. Ó ti pé sáà mẹ́ta, ẹ ti ní Bird rights kíkún, ó sì di restricted. Oklahoma City ṣe bẹ́ẹ̀ fún Aaron Wiggins ní 2024; New Orleans ṣe irú rẹ̀ fún Herb Jones ní 2023 lẹ́yìn sáà méjì péré, pẹ̀lú Early Bird, $54 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́rin. Ẹ máa san owó gidi ní ọdún kan ṣáájú, òótọ́ ni. Ó dín ju kí ẹ pàdánù rẹ̀ lọ.

Kí wọ́n má pàdé ní ọdún kan

Ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó wà lábẹ́ rookie contract, kí ẹ kọ ọdún tí owó tuntun rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí méjì bá bọ́ sí ọdún kan náà, ẹ ti mọ ẹni tó ń lọ: àgbà agbábọ́ọ̀lù tí owó rẹ̀ wà láàárín ogún sí ogójì mílíọ̀nù. Boston gba ife ní 2024. Nígbà tí àdéhùn Jayson Tatum, $314 mílíọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ ní 2025, Jrue Holiday ti lọ sí Portland, Kristaps Porzingis ti lọ sí Atlanta. Ẹ tà wọ́n ní ọdún kan ṣáájú, nígbà tí àwọn mìíràn kò tíì mọ̀ pé ó di dandan fún yín.

Tí ọmọ fúnra rẹ̀ lẹ bá fẹ́ tà, ẹ tà á kí ẹ tó fún un ní extension. Lẹ́yìn tó bá ti tọwọ́ bọ̀wé, títí tí owó tuntun yóò fi bẹ̀rẹ̀, owó kékeré tó ń gbà lọ́wọ́ ni wọ́n máa kà fún ẹ̀yin tí ẹ ń fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba ọdún yẹn àti gbogbo ọdún extension ni wọ́n máa kà fún ẹni tó ń gbà á. Owó méjèèjì kì í sábà bára mu. Oklahoma City kò jẹ́ kó dé ibẹ̀ pẹ̀lú James Harden ní oṣù kẹwàá 2012: nígbà tí ọ̀rọ̀ owó kò wọ̀, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Houston, Houston sì fún un ní extension ní ọjọ́ díẹ̀ sí i.

Àsìkò, ní aago Èkó

Aago New York ni NBA ń lò. Láti oṣù kẹta títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, wákàtí márùn-ún la fi ṣíwájú wọn. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá free agent tiyín sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kejì tí Finals bá parí. Qualifying offer kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 29 oṣù kẹfà. Ọjà ṣí fún ti àwọn ẹlòmíràn ní ọjọ́ 30, aago 11 alẹ́. Ọjọ́ 6 oṣù keje, aago 5 ìrọ̀lẹ́, ni ẹ lè fi àyè cap mú àlejò wọlé. Kí ọmọ yín tó ní hold má tọwọ́ bọ̀wé kó tó di pé àlejò náà parí. Extension rookie ń kú ní aago 11 alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú sáà tuntun. Ti option ọdún kẹta àti ìkẹrin ló ń ṣi ènìyàn lọ́nà jù: ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá lọ́dọ̀ wọn parí ní aago 4:59 ìdájí ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá lọ́dọ̀ tiwa, nítorí náà ẹni tí kò bá fẹ́ jí lóru, kó ti fi orúkọ ránṣẹ́ sí alága líìgì ní ọ̀sán ọjọ́ 31.